Tòmátì àti ata rodo nínú ike: irú ike tó yẹ, àti ìgbà tó yẹ kí ẹ lọ́ wọn

Ẹnì kan á ra irúgbìn tòmátì, á fọ́n gbogbo rẹ̀ sínú báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà kan, irúgbìn á hù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, inú ará ilé á dùn. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹta, á ní kí òun lọ́ díẹ̀ nínú wọn sínú ike mìíràn. Á fà wọ́n tu lọ́sàn-án gangan, á tẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀, á da omi lé wọn lórí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti rọ jọwọlọ. Èyí tí kò kú nínú wọn á dúró sójú kan fún oṣù kan gbáko, á ga tín-ín-rín, á yọ òdòdó bíi mẹ́ta, òdòdó á sì já bọ́. Ẹni náà á wá ní irúgbìn ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Irúgbìn kọ́ ló jẹ̀bi níbẹ̀. Ohun méjì ló máa ń pa tòmátì àti ata tí a gbìn sínú ike: ike tí kò bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, àti kí a lọ́ ọ nígbà tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì tó, tàbí nígbà tí gbòǹgbò ti tó tipẹ́ tí a kò sì dá sí i. Ìlànà tó wà nísàlẹ̀ yìí wà fún ẹni tó ń gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, sí bákónì, tàbí sí iwájú ilé tí wọ́n ti da kọnkéré sí, ní Ìbàdàn, ní Èkó, ní Abẹ́òkúta àti àyíká wọn.

Ohun tí ẹ máa nílò

Ẹ kó àwọn nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó fọwọ́ kan irúgbìn rárá:

- Irúgbìn. Fún tòmátì, irú èyí tí kì í ga púpọ̀ bíi Roma VF ló rọrùn jù nínú ike. Fún ata rodo, ẹ lè mú irúgbìn láti inú ata pupa tó gbó dáadáa lọ́jà, kí ẹ sá a níbòòji títí á fi gbẹ.
- Ike kékeré fún ọmọ irúgbìn: ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí ẹ ti lò tán, tàbí agolo mílíìkì.
- Ike ńlá: báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20, kẹ́ẹ̀gì òróró lítà 25, tàbí àpò ìrẹsì.
- Ilẹ̀dú, ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà pátápátá, àti èèpo ìrẹsì.
- Ìṣó ńlá kan àti iná tí ẹ ó fi mú un gbóná, bíléèdì, kóńgò tí ẹ ó fi wọn ilẹ̀.
- Búlọ́ọ̀kù tàbí òkúta tí ike máa jókòó lé.
- Ọ̀pá tó ga tó mítà kan fún tòmátì kọ̀ọ̀kan, àti àkísà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ó fi so ó.
- Imọ̀ ọ̀pẹ tàbí páálí fún ibòòji.

Tí ibi tí ẹ fẹ́ lò kì í bá rí oòrùn tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́, ẹ gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀. Tòmátì kò ní so níbẹ̀, ike yòówù kí ẹ rà.

Ìpele 1: Ẹ ṣa ike

Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ wò ni bí ike ṣe tóbi tó nínú. Tòmátì kan fẹ́ ilẹ̀ tó tó lítà 20, kí ilẹ̀ náà sì jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30. Ata rodo kò le tó bẹ́ẹ̀, lítà 10 tó o, àmọ́ tí ẹ bá fún un ní 15, ẹ máa rí i lára èso. Báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà lítà 20 kan, tòmátì kan. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun èèyàn láti rí ike ńlá kí ó sì gbin igi kan ṣoṣo sínú rẹ̀. Àwọn tó ń gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ike kan máa ń rí ewé púpọ̀, àwọn igi náà á máa du omi mọ́ ara wọn lọ́wọ́, èso wọn á sì kéré.

Báàkẹ́ẹ̀tì ọ̀dà dára, pàápàá èyí tí wọ́n fi kó ọ̀dà olómi tí a ń kùn sára ògiri. Ẹ bó ọ̀dà gbígbẹ tó wà nínú rẹ̀ kúrò títí ike fi mọ́. Èyí tó kó ọ̀dà olóróró tàbí tíńà, ẹ má lò ó fún ohun tí ẹ máa jẹ.

Kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ yẹ́lò ni mo fẹ́ràn jù fún tòmátì. Ike rẹ̀ nípọn, kì í tètè fọ́ lábẹ́ oòrùn, tí ẹ bá sì gé e ní èjìká, kí ẹ fi ibi ìdìmú sílẹ̀, ẹ ti ní ohun tí ẹ lè fi gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn. Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kí òróró tó kù lára rẹ̀ tán. Ẹ má ṣe lo kẹ́ẹ̀gì tó ti kó epo ẹ́ńjìnnì, kẹrosíìnì, ásíìdì bátìrì tàbí oògùn apakòkòrò rí. Fífọ̀ kò ràn án.

Àpò ìrẹsì tó gba kílò 50 rọrùn láti rí, omi sì máa ń jò kúrò nínú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ ká ẹnu rẹ̀ wálẹ̀ dé ìdajì kó lè dúró gbọingbọin. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oòrùn máa ń jẹ ẹ́; láàárín oṣù díẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í já bí okùn tó ti gbó, tí ẹ bá sì fẹ́ sún un, ó lè ya mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ gbé e sí ibi tí ẹ fẹ́ kó wà kí ẹ tó rọ ilẹ̀ sínú rẹ̀. Àpò sìmẹ́ńtì ni kí ẹ yẹra fún, torí ìyẹ̀fun sìmẹ́ńtì tó kù nínú rẹ̀ máa ń ba adùn ilẹ̀ jẹ́ fún gbòǹgbò.

Ìkòkò amọ̀ rẹwà, ó sì máa ń jẹ́ kí gbòǹgbò tutù, àmọ́ omi tètè máa ń gbẹ nínú rẹ̀. Ẹni tó ń jáde nílé ní aago márùn-ún ìdájí lọ sí Èkó tó ń padà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, kó má ṣe lo ìkòkò amọ̀ ní àkókò ọyẹ́.

Àwọ̀ ike náà ní ohun tó ń ṣe. Báàkẹ́ẹ̀tì dúdú lórí kọnkéré, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń bà á, máa ń gbóná débi pé gbòǹgbò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á jóná. Tó bá jẹ́ dúdú lẹ ní, ẹ kùn ún ní funfun níta, tàbí kí ẹ fi àpò funfun wé e.

Ẹ rò nípa ìwúwo pẹ̀lú. Báàkẹ́ẹ̀tì lítà 20 tí ilẹ̀ tútù kún inú rẹ̀ máa ń tó kílò 25, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mẹ́wàá rẹ̀ lórí bákónì àtijọ́ kì í ṣe ohun eré.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í ṣe: wọ́n á gbọ́ pé tòmátì fẹ́ lítà 20, wọ́n á wá gbin ọmọ irúgbìn oníka kan sínú lítà 20 lójú ẹsẹ̀. Bàtà bàbá ni wọ́n wọ̀ fún ọmọ ọwọ́ yẹn. Gbòǹgbò kékeré kò lè fa omi tó wà nínú gbogbo ilẹ̀ náà, ilẹ̀ á máa tutù nìnì fún ọjọ́ mẹ́rin, márùn-ún, gbòǹgbò á sì jẹrà. Ike kékeré ni kó kọ́kọ́ wà, kó tó wọ ńlá.

Àyẹ̀wò: ẹ rọ omi lítà kọ̀ọ̀kan sínú ike náà kí ẹ tó lu ihò sí i, kí ẹ máa kà á. Àwọn báàkẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní lítà 20 kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ tún gbóòórùn rẹ̀ lẹ́yìn tó ti jókòó sóòrùn fún wákàtí kan. Tí òórùn epo tàbí oògùn bá ṣì ń jáde, ẹ fi sílẹ̀.

Ìpele 2: Ẹ lu ihò

Ẹ fi iná mú ìṣó gbóná, kí ẹ fi lu ihò mẹ́fà sí mẹ́jọ sí ìsàlẹ̀ ike lítà 20, kí ihò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó bírò. Lẹ́yìn náà ẹ lu mẹ́rin mìíràn sí ẹ̀gbẹ́, níwọ̀n sẹ̀ǹtímítà méjì sókè ìdí rẹ̀. Ti ẹ̀gbẹ́ yìí ló máa ń gbà yín lọ́jọ́ tí ti ìsàlẹ̀ bá dí. Ẹ ṣe é níta. Èéfín ike kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Fún ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ihò mẹ́rin tó tó ti ìṣó kékeré ti tó, ní igun méjèèjì àti àárín.

Ẹ gbé ike lé búlọ́ọ̀kù méjì tàbí òkúta mẹ́ta. Ike tó jókòó pẹrẹsẹ lórí kọnkéré, ihò rẹ̀ ti dí nìyẹn.

Ẹ má tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ike. Gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, wọ́n ní ó ń jẹ́ kí omi jò. Òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀. Omi kì í fi inú ilẹ̀ sílẹ̀ bọ́ sáàárín òkúta àfìgbà tí ilẹ̀ tó wà lókè òkúta náà bá kún fún omi tán, torí náà ibi tó máa ń rin gbingbin nísàlẹ̀ ike ni òkúta yẹn gbé ga sún mọ́ gbòǹgbò. Ẹ̀já nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kan ni kí ẹ tẹ́ sórí ihò kí ilẹ̀ má bàa máa ṣàn jáde. Ó tó.

Ìpele 3: Ẹ po ilẹ̀

Ilẹ̀ tí ẹ hú lẹ́yìnkùlé nìkan, tó bá wọ inú ike, á le bí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ tí ẹ ti ń bomi rin ín. Ìwọ̀n tí mo ń lò nìyí: kóńgò ilẹ̀dú méjì, kóńgò kan ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà, kóńgò kan èèpo ìrẹsì. Níbi tí wọ́n ti ń pa ìrẹsì, ìrẹsì Ọ̀fadà tàbí òmíràn, wọ́n sábà máa ń da èèpo náà nù ni. Ẹ mú àpò lọ.

Ìgbẹ́ adìẹ ni kí ẹ fojú sí gidi. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti ilé adìẹ máa ń jó gbòǹgbò. Tó bá ti jẹrà tán, kò ní gbóná mọ́ tí ẹ bá ki ọwọ́ bọ inú òkìtì rẹ̀, òórùn tó ń ta ni nímú á ti lọ, á sì dà bí ilẹ̀ dúdú lásán. Bákan náà ni iyẹ̀ pákó tuntun láti sọ́míìlì: bó ṣe ń jẹrà, ó ń jẹ náítírójìn inú ilẹ̀, ewé tòmátì á wá máa pọ́n yẹ́lò. Ẹ jẹ́ kó pẹ́ ní òkìtì kí ẹ tó lò ó, tàbí kí ẹ fi èèpo ìrẹsì rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má bu ilẹ̀ láti ibi tí tòmátì, ata, ìgbá tàbí ànàmọ́ òyìnbó ti rọ tó sì kú rí. Kòkòrò àrùn tó ń jẹ́ Ralstonia solanacearum máa ń gbé inú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí oògùn tí ẹ máa fún igi tó ti wọ̀ lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni aràn wẹ́wẹ́ tó ń mú kí gbòǹgbò wú kókókó. Tí ẹ kò bá dá ilẹ̀ lójú, ẹ rin ín lómi, ẹ kó o sínú ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara, ẹ dì í lẹ́nu, kí ẹ sá a sóòrùn ẹ̀ẹ̀rùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ooru inú rẹ̀ á pa púpọ̀ nínú ohun burúkú tó wà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ rọ ilẹ̀ náà sínú báàkẹ́ẹ̀tì, ẹ da omi lítà méjì sí i. Tí omi bá dúró lójú ilẹ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ẹ fi èèpo ìrẹsì kún un. Lẹ́yìn náà ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ẹ fún un: kó di mọ́ra díẹ̀, kó sì tú ká bí ẹ bá fi ìka tọ́ ọ. Tó bá dì bí ẹ̀kọ, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ìpele 4: Ẹ fúnrúgbìn ní àsìkò

Ẹ fọ́n irúgbìn sínú abọ́ kan tó ní ihò, kí ilẹ̀ tó bò ó má ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ. Tòmátì máa ń hù láàárín ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́jọ, ata rodo lè gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Krétì ẹyin tí àwọn kan ń lò tètè máa ń gbẹ, ó sì máa ń fọ́. Tí ẹ bá lò ó, ẹ má jẹ́ kí irúgbìn pẹ́ níbẹ̀.

Tí ọmọ irúgbìn bá ń ṣubú ní ìdí, tí ìdí náà tínrín bí okùn ìránṣọ, omi ti pọ̀ jù nìyẹn, atẹ́gùn kò sì fẹ́ níbẹ̀ tó. Ẹ dín omi kù, ẹ já àwọn tó fún pọ̀ dànù.

Ní ti àsìkò, lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, tòmátì tí ẹ fọ́n ní ìparí Oṣù Kẹjọ sí Oṣù Kẹsàn-án á wọ ike ńlá ní Oṣù Kẹwàá, á sì máa yọ òdòdó nígbà tí òjò ń lọ tí òru ń tutù bọ̀. Èyí ló dára jù. Tí òru bá gbóná jù, bíi ti Oṣù Kejì àti Oṣù Kẹta, òdòdó tòmátì máa ń já bọ́ láìso. Ti Oṣù Kẹfà àti Oṣù Keje, òjò á máa na ewé, àrùn ewé jíjóná á sì wọlé; ẹ lè gbà á là tí ike bá wà lábẹ́ òrùlé níbi tí oòrùn àárọ̀ ti ń wọlé. Ata rodo kò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè fọ́n ọn láti Oṣù Kẹta lọ.

Fún àwọn ará wa tó ń gbin ata rodo sí Lọ́ńdọ̀nù: inú ilé ni kí ẹ ti fọ́n ọn ní Oṣù Kejì tàbí Oṣù Kẹta, kí ike má sì sùn síta títí di ìparí Oṣù Kárùn-ún tàbí ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹfà, nígbà tí òtútù òru kò bá ní lọ sísàlẹ̀ 12°C mọ́. Ìlànà ike kò yàtọ̀.

Ìpele 5: Ẹ mọ ìgbà tó tó láti lọ́ ọ

Ẹ̀ẹ̀mejì la máa lọ́ wọn: láti inú abọ́ sínú ọ̀rá, àti láti inú ọ̀rá sínú ike ńlá.

Ti àkọ́kọ́ rọrùn. Ewé méjì tó kọ́kọ́ yọ kì í ṣe ewé tòmátì gidi, wọ́n gùn gbọọrọ, etí wọn sì dán. Ẹ dúró de ewé méjì tó tẹ̀ lé e, tí etí wọn ní ìlà gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, tí ẹ bá sì fi ọwọ́ rà á ó ń run tòmátì. Bí méjì yẹn bá ti là tán, ó tó. Fún ata, etí ewé rẹ̀ kò ní gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́, àmọ́ ìlànà kan náà ni: ewé gidi méjì. Ewé ni kí ẹ dì mú nígbà tí ẹ bá ń gbé e, ẹ má di igi rẹ̀ mú. Ewé tó fàya á tún yọ òmíràn. Igi tó bá tẹ̀ pẹ́nrẹ́n ti parí.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ni èèyàn ti ń ṣì í ṣe. Ẹni tó bá béèrè, wọ́n á sọ fún un pé tòmátì ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ata ọ̀sẹ̀ méje. Kò burú gẹ́gẹ́ bí ìfojúsùn. Àmọ́ ọmọ irúgbìn tó wà nínú oòrùn tó sì jẹun dáadáa lè ṣáájú ọjọ́ yẹn, èyí tó wà lábẹ́ òjìji lè pẹ́ jù ú lọ. Àwọn àmì tí mo ń wò nìyí:

Tòmátì ti ní ewé gidi mẹ́rin tàbí márùn-ún, ata ti ní mẹ́fà sí mẹ́jọ. Igi rẹ̀ nípọn tó pẹ́ńsù ilé ìwé tàbí kó kù díẹ̀. Ewé tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kọjá etí ọ̀rá. Omi tí ẹ bá fún un láàárọ̀ ti ń gbẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ méjì ló ń lò tẹ́lẹ̀. Ẹ gbé ọ̀rá náà sókè wò: ẹ ó rí ṣónṣó gbòǹgbò funfun kan tàbí méjì tó yọjú nínú ihò.

Tí ẹ kò bá rí gbòǹgbò, ẹ mú ọ̀kan nínú wọn, ẹ fi bíléèdì la ọ̀rá rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí gbòǹgbò funfun bá ti di ilẹ̀ mú yípo, tí ilẹ̀ kò tú nígbà tí ẹ gbé e lọ́wọ́, gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀ ti tó. Tí ilẹ̀ bá ń wó dànù, tí gbòǹgbò sì fọ́nká fẹ́ẹ́rẹ́, ó kù díẹ̀. Ẹ dá a padà, ẹ fi okùn di ọ̀rá náà, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i.

Tí ó bá ti pẹ́ jù ńkọ́? Gbòǹgbò á ti ká ara rẹ̀ bí okùn ní ìsàlẹ̀ ọ̀rá, àwọ̀ rẹ̀ á ti ń lọ sí búráùn, ewé ìsàlẹ̀ á ti ń pọ́n. Ata á ti yọ òdòdó níbi tí kò tíì ga tó ìbú ọwọ́. Àwọn kan máa ń yọ̀ sí òdòdó yìí. Ẹ já a dànù. Ìpọ́njú ló mú un yọ òdòdó. Ẹ ṣì lè lọ́ ọ, àmọ́ ẹ fi ìka tú gbòǹgbò ìsàlẹ̀ tó ti ká, kó lè na ẹsẹ̀ sínú ilẹ̀ tuntun.

Ìpele 6: Ẹ fi oòrùn mọ̀ ọ́n lára

Tó bá jẹ́ pé ìta gbangba ló ti hù, ẹ fo ìpele yìí. Èyí tó dàgbà sí abẹ́ òrùlé tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni kí ẹ gbé síta ní oòrùn àárọ̀ fún wákàtí kan lọ́jọ́ kìn-ín-ní, méjì lọ́jọ́ kejì, títí ọ̀sẹ̀ kan á fi pé. Ẹ dín omi rẹ̀ kù díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rọ.

Àyẹ̀wò: ewé tó ní àbààwọ́n funfun bí ìwé gbígbẹ, oòrùn ti jó o, ẹ padà sẹ́yìn ọjọ́ méjì. Ewé tó dúdú sí i tó sì le díẹ̀ lọ́wọ́, ó ti ṣe tán.

Ìpele 7: Ẹ lọ́ ọ

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ ṣe é, tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú. Ẹ bomi rin ọmọ irúgbìn ní wákàtí kan ṣáájú. Ilẹ̀ gbígbẹ máa ń wó kúrò lára gbòǹgbò, ilẹ̀ tó rin jù máa ń yọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ fẹ́ èyí tó wà láàárín.

Ẹ rọ ilẹ̀ sínú ike ńlá títí á fi ku sẹ̀ǹtímítà márùn-ún sí etí rẹ̀. Àyè yẹn ni omi máa dúró sí nígbà tí ẹ bá ń bomi rin ín. Ẹ gbẹ́ ihò sí àárín kí ẹ tó tú ọ̀rá, kí gbòǹgbò má bàa wà ní gbangba nígbà tí ẹ ń wá nǹkan tí ẹ ó fi gbẹ́lẹ̀. Ẹ ri ọ̀pá mọ́lẹ̀ báyìí, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Ẹni tó bá dúró dìgbà tí tòmátì bá wó kó tó wá ọ̀pá, àárín gbòǹgbò ló máa gún un sí.

Ẹ la ọ̀rá pẹ̀lú bíléèdì láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ bó o bí ẹni ń bó èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Tó bá jẹ́ agolo, ẹ fi ìka ìlábẹ̀ àti ti àárín gba igi náà ní ìdí, ẹ dojú agolo dé, kí ẹ gbá ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́. Á yọ́ bọ́ sí yín lọ́wọ́ pẹ̀lú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ má fà á ní igi. Ẹ sì wo gbòǹgbò rẹ̀: funfun dára. Èyí tó búráùn tó ń rùn, ẹ má gbìn ín.

Ibi tí tòmátì àti ata ti yàtọ̀ síra nìyí. Igi tòmátì máa ń yọ gbòǹgbò níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti bò ó, nítorí náà ẹ já ewé ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ rì í títí ilẹ̀ á fi dé abẹ́ ewé tó kù lókè. Ìdá méjì nínú mẹ́ta igi rẹ̀ lè wọlẹ̀, kò sí wàhálà. Èyí tó ga tín-ín-rín gan-an ló fẹ́ bẹ́ẹ̀ jù. Ata kò rí bẹ́ẹ̀. Ibi tí ilẹ̀ dé lára rẹ̀ nínú ọ̀rá ni kó dé nínú ike ńlá. Ata tí ẹ bá rì jù lè jẹrà ní ìdí.

Ẹ fi ìka tẹ ilẹ̀ yí i ká, ẹ má fi àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí ìkúùkù kì í. Ẹ bomi rin ín díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi máa jáde nísàlẹ̀ ike. Lẹ́yìn náà ẹ fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀, kí koríko jìnnà sí igi rẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì. Ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí páálí ṣe ibòòji fún un lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ má fi fatiláísà kankan sí i lọ́jọ́ yìí. Gbòǹgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí kúrò ní ibùgbé rẹ̀ kò lè gbà á, jíjó ló máa jó o. Tí ẹ bá ní adìẹ tó ń rìn kiri, ẹ wá nǹkan yí ike ká. Ilẹ̀ tútù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di títú ni wọ́n ń wá.

Àyẹ̀wò: ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ lọ wò ó. Ewé gbọ́dọ̀ dúró. Tó bá rọ lọ́sàn-án tó sì tún dìde ní ìrọ̀lẹ́, kò sí ohun tó ṣe é, ẹ má tìtorí ìyẹn da omi sí i. Èyí tó ṣì rọ láàárọ̀ nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù ni kí ẹ fura sí.

Ìpele 8: Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́

Omi àpọ̀jù ló ń pa púpọ̀ wọn níbi tí a dé yìí. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Tó bá tutù níbẹ̀, ẹ yí padà, ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn. Tó bá gbẹ, ẹ bomi rin ín títí á fi jáde nísàlẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí tòmátì bá ti dàgbà, ó lè gba lítà kan sí méjì lóòjọ́. Ẹ jẹ́ kó máa wọlé déédéé. Tí ẹ bá jẹ́ kó gbẹ táútáú lónìí tí ẹ sì rì í lómi lọ́la, ìdí èso tòmátì á máa dúdú, á sì rà, torí kálísíọ̀mù kì í dé inú èso nígbà tí omi kò bá ṣàn déédéé.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá, tí ẹ bá rí ewé tuntun lórí, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní fatiláísà NPK 15-15-15, ìdérí ìgò mínírà kan fún ike lítà 20, kí ẹ wọ́n ọn yípo etí ike, kó má kan igi, kí ẹ sì bomi rin ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, òmíràn. Ẹni tó bá fi kún un nítorí pé ó fẹ́ kó yára, ewé ńláńlá ló máa kó, kò ní rí èso.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ìka méjì fa igi rẹ̀ sókè fẹ́ẹ́rẹ́. Tó bá dúró ṣinṣin, gbòǹgbò ti wọ ilẹ̀ tuntun. Láti ìgbà yìí, Roma á tó nǹkan bí oṣù méjì sí méjì àbọ̀ kó tó pọ́n, ata rodo á gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Tí ọ̀kan bá rọ lójijì tewétewé, láìpọ́n yẹ́lò, nígbà tí ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ìdí, kí ẹ ti ojú ibi tí ẹ gé bọ inú ife omi tó mọ́. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tí ohun funfun bíi mílíìkì bá ń ṣàn jáde bí òwú sínú omi, Ralstonia ni. Ẹ fà á tu, ẹ kó igi àti ilẹ̀ inú ike náà dà sí ibi tí ẹ kò ní gbin nǹkan sí, ẹ fi omi bílíìṣì fọ ike náà, ẹ fọ ọwọ́ àti bíléèdì yín kí ẹ tó kan èyí tó kù. Tí ohun funfun yẹn kò bá jáde, ẹ tú gbòǹgbò rẹ̀ wò: èyí tó wú kókókó jẹ́ ti aràn, èyí tó búráùn tó rọ̀ jẹ́ ti omi, ẹ sì padà lọ wo ihò ike yín bóyá ó ti dí.

Ilẹ̀ tó ti gbé tòmátì tàbí ata títí tó fi so tán, ẹ má fi gbin tòmátì, ata tàbí ìgbá mọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà kún un, kí ẹ fọ́n tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú sínú ike náà fún sáà kan.